Àga Kejì lórí Jáńgírọ́fà Savalou

Nígbà tí jáńgírọ́fà gíga náà sọ̀ kalẹ̀, àga ọwọ́ òde ni Abigaïl jókòó sí. Bẹ́ẹ̀, àga ọwọ́ inú ni Myriam ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí kí wọ́n tó gbéra. Bẹ́líìtì àga méjèèjì ṣì wà ní dídè pinpin, bí ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà ṣe dè wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í sì í ṣe eku tí yóò gba abẹ́ bẹ́líìtì kọjá. Myriam wò ó títí, ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé òun ló ṣìnà, pé ariwo ọdún iṣu ló da òun lórí rú.

Aránṣọ ni Myriam ní Bantè, ìbejì obìnrin ló sì bí. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó lọ wá igi nínú igbó ni à ń wí. Kẹ́hìndé ló wà nílé, òun ni ìjọ sọ ní Abigaïl. Táyé lọ wá igi ní ọmọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí èéyi wọ ìlú, kò sì pẹ́ lórí ẹní tó fi lọ. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sunkún, nítorí a kì í sunkún ẹni tó lọ wá igi. Ẹkún náà wà nínú rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ohunkóhun tí a bá rà fún ìbejì tó wà nílé, méjì là ń rà á, kí ẹni tó wà nínú igbó má baà yọjú wolé kó rí i pé wọ́n ti gbàgbé òun. Bí Myriam bá gé aṣọ fún Abigaïl, á gé èkejì lé e lórí, á fún ọmọ aládùúgbò wọ̀. Bó bá ra bàtà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí Ésaïe ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, wọ ìjọ aláṣọ funfun ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wòlíì ní òkú kò mọ nǹkan kan, kò wọ aṣọ, kò wọ bàtà. Ésaïe ní kí ìyàwó òun jáwọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ṣe ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ẹnu Myriam gbà, ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà.

Nígbà ọdún iṣu tó kọjá yìí, àwọn eléré kan gbé ẹ̀rọ wọn wá sí Savalou. Òpó irin kan ni, ó ga ju òpó tẹlifóònù lọ. Irin roboto kan yí òpó náà lọ́rùn, lára irin yìí ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so àga rọ̀ sí ní méjì-méjì. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, irin roboto náà á gun òpó lọ sókè tòun tàwọn tó jókòó, á dé téńté, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn géndé tó ń fọ́nnu nísàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, àwọn obìnrin sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Abigaïl ló gba ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì rẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n ní kó sọ ẹ̀bùn tó fẹ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gun ohun yẹn. Ésaïe lọ́ra, ó kọ́kọ́ ní nǹkan ayé ni, ṣùgbọ́n ìlérí ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bi Myriam pé ẹni mélòó, ojú Myriam wà lókè lára òpó. Ó dáhùn pé méjì. Ọwọ́ rẹ̀ ti sanwó kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀.

Ọkùnrin tó ń bójú tó àga ń jẹ́ Gafarou. Nàgó Kétu ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn tó fẹ́ gun ẹ̀rọ, síbẹ̀ ó rọra sọ ọ́ fún Abigaïl bí ẹni pé ọmọ náà nìkan ló wá. Ó ní kó bọ́ bàtà, torí afẹ́fẹ́ òkè kì í dá bàtà padà. Ó ní yóò kọ́kọ́ dà bíi pé ilẹ̀ ló ń lọ, tí òun dúró. Inú rẹ̀ yóò ṣófo, bí ìgbà tí èèyàn já sí kòtò lójú àlá. Lẹ́yìn náà ni yóò rí àwọn òkè àpáta Savalou àti páànù ilé gbogbo, yóò rí igbó lọ rẹrẹ. Kó má di ojú, ìdijú ló ń mú èébì wá. Bí ẹ̀rọ bá ń yí, àga á fẹ̀ síta, á sì dà bíi pé ẹnì kan ń tì í lẹ́yìn. Kó má bojú wẹ̀yìn.

“Bí o bá sọ̀ kalẹ̀,” Gafarou sọ fún un, “ẹsẹ̀ rẹ á dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Má bẹ̀rù. Kí o tó dé ẹnu géètì, á ti padà di tìrẹ.”

Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ Myriam, ó bèèrè ẹnì kejì. Ìgbà yẹn ni Myriam tó mọ ohun tó ṣe, ara rẹ̀ sì gbóná fún ìtìjú. Ó lè sọ pé àṣìṣe ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wo yíká bóyá ará ìjọ kankan wà nítòsí, ó wá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé èkejì lọ wá igi. Gafarou kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà lórí, ó na bẹ́líìtì sórí àga òfìfo náà, ó sì dè é pinpin, bí ìgbà tí ọmọ jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀rọ gbéra. Myriam wo ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ kò fi hàn mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń rí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí, oòrùn gbá a lójú, ó sì dà bíi pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń mì lórí àga méjì yẹn. Ó nu ojú nù. Kí ó tó tún wò, wọ́n ti yí kọjá.

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, tí ọmọ wà lórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀. Gafarou tú bẹ́líìtì rẹ̀, kò wo ojú Myriam. Nígbà tó tú ti àga inú, Myriam rí èèpo igi gbígbẹ tó wà lórí rẹ̀, irú èyí tó máa ń bọ́ lára ìdì igi ìdáná. Gafarou fi ọwọ́ gbá a dànù kíá, ó sì ní kí àwọn tó kàn máa bọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń gbọ̀n. Ó di etí ìró ìyá rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀. Myriam rántí ohun tí Gafarou sọ nípa ẹsẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò padà bọ̀ sípò ní ẹnu géètì. Kò padà bọ̀ sípò nígbà tí wọ́n dé Bantè.

Ọmọ náà dúró láàárín àgbàlá, ó ń wo ibì kan tí kò sí nǹkan kan. Ó wá bèèrè pé ta ló gé igi máńgòrò. Ésaïe ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ kó lè jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló gé igi náà, lọ́dún tí Táyé lọ, torí abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì ti máa ń ṣeré, kò sì lè wò ó mọ́. Ó da omi ọwọ́ nù, ó wọ yàrá, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló ń tẹ̀ lé ara wọn. Abigaïl tí kì í gbàgbé “ẹ” lẹ́nu ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé “wá,” “jókòó,” “fún mi,” bí ọmọdé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ní ìwà. Wọ́n gbé ìwé Faransé fún un, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wá àwòrán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kíláàsì wá pè é síta, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bèèrè ẹni tí ọmọ yẹn í ṣe. Orí rẹ̀ ń rùn èéfín igi, bí Myriam ṣe wẹ̀ ẹ́ tó. Bó bá sì fẹ́ sùn, á ki ọwọ́ bọ ọrùn ìyá rẹ̀, á di awọ ibẹ̀ mú díẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Myriam rí láyé, kì í sì í ṣe Kẹ́hìndé.

Ká má parọ́, inú Myriam dùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Gbogbo ọdún tó ti ń gé aṣọ ní méjì-méjì, kò rò ó rí pé òun yóò tún fọwọ́ kan èyí tí òun ń gé èkejì fún. Ó ń fún un ní ẹran orí ọbẹ̀, ó ń gbé e pọ̀n nínú yàrá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ ilẹ̀. Ésaïe mú ọmọ lọ sí ìjọ, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wòlíì ní ẹ̀rù ibi gíga ló mú un, yóò lọ. Nígbà tí wọ́n padà délé, Ésaïe sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

“Ọmọ wa ni,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Bí ojú bá rí, kí ẹnu dákẹ́.”

Òótọ́ ló sọ, ọmọ wọn ni. Ibi tí Myriam jókòó sí nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń rán ẹ̀wù tuntun, ni ọ̀rọ̀ náà ti yí bìrí mọ́ ọn lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé Táyé ló ń ṣeré lẹ́sẹ̀ òun yìí, ta ló wà nínú igbó? Ta ló ń ru igi, tí kò mọ ọ̀nà, tí kò rí ẹni tí yóò pè? Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. Ó gbé ọmọ náà sórí zém, alùpùpù akérò, wọ́n kọrí sí Lougba, lọ́dọ̀ ìyá tó bí Myriam fúnra rẹ̀.

Ìyá Oníkajú ni wọ́n ń pe arúgbó náà, nítorí oko kajú rẹ̀. Ó wà lábẹ́ igi, ó ń ṣa kóró kajú tó ti kó pamọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbé ojú sókè, ó wo ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

“Táyé,” ó pè é. “O kú ọ̀nà.”

Ọmọ náà jẹ́ ẹ, ó sì lọ jókòó tì í. Arúgbó fún un ní ọsàn kó máa mu, ó wá ní kí Myriam sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Myriam sọ ọ́. Nígbà tó dé orí tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ìyá rẹ̀ dá a dúró, ó gbé igbá kóró sílẹ̀.

“Aṣọ là ń rà fún wọn,” arúgbó wí. “Oúnjẹ là ń bù fún wọn. Ta ló kọ́ ọ pé à ń san owó ọ̀nà fún wọn? Ẹni tí o san owó ọ̀nà fún, ṣé kò ní wá ni?”

Myriam bèèrè ìdí tí Kẹ́hìndé fi ní láti lọ. Ìyá rẹ̀ ní igi inú igbó kò lè ṣàì ní ẹni tí ń wá a, pé ìbejì ń gba ẹrù ara wọn rù ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí a bá rán wọn lódò. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ti sanwó nìkan ni wọ́n ti lè tún un ṣe. Kí Myriam tún ra àga méjì, kí ó gbé ọmọ yìí gùn ún. Bí ẹ̀rọ bá ń bọ̀ nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, kí ó pe orúkọ ẹni tó fẹ́ mú lọ sílé. Orúkọ kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá pe méjèèjì, kò sí èyí tí yóò gbọ́, torí ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

Ó wá wo ọmọ tó ń mu ọsàn, omi ọsàn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ún fún un. Ó ní kí wọ́n tètè máa lọ, torí òun gbọ́ pé àwọn eléré yẹn ti ń palẹ̀ mọ́.

Lójú ọ̀nà Savalou, ọmọ náà wà láàárín ẹni tó wa zém àti ìyá rẹ̀. Myriam ń tún orúkọ kan ṣoṣo pè nínú ọkàn rẹ̀: Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé ni ọmọ tí òun tọ́ dàgbà, tó mọ̀wé, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kẹ́hìndé kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Táyé ti mọ igbó, ó ti mọ́ ọn lára. Bí ó ṣe ń sọ èyí fún ara rẹ̀ ni ọmọ náà fi ẹ̀yìn tì í láyà.

“Màmá,” ó wí, “igi pọ̀ níbẹ̀. Ó tutù.”

Myriam fi apá yí i ká.

“Mo mọ ibi tí à ń lọ,” ọmọ náà tún sọ. “Mo ti jẹun. Ebi ò ní pa mí.”

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n ti já àsíá kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń di àwọn irin kéékèèké sínú ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Parakou. Jáńgírọ́fà náà ṣì dúró. Gafarou rí wọn lókèèrè, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní àwọn ti pa ẹ̀rọ, pé kí wọ́n má bínú. Myriam kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú eruku.

Gafarou ní kí ó dìde. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà nídìí ẹ̀rọ yìí, òun ti rí ọmọ tó tọ̀ sára, òun ti rí àgbàlagbà tó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹni tó pààrọ̀ àga nínú bẹ́líìtì rí. Kò bèèrè ohun tí obìnrin náà fẹ́ ṣe. Ó gba owó àga méjì, ó gbé ọmọ sí ti òde, ó de bẹ́líìtì, ó dè é lórí àga inú pẹ̀lú. Kò tún sọ ohun tí yóò rí lókè àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ wò. Ọmọ náà ló ti bọ́ bàtà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ gbé àwọn àga òfìfo yòókù sókè pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo. Ó dé téńté, ó yí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti ìhà igbó, ó ní òórùn èéfín. Myriam ki ojú mọ́ àga méjì náà bí wọ́n ṣe ń yí lọ tí wọ́n ń yí bọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kò rí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ méjì ló rí. Ó ń sọ orúkọ náà sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ láìdákẹ́.

Ẹ̀rọ dẹwọ́. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Myriam rí orúnkún ọmọ, ó rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n, ó rí ojú rẹ̀. Ọmọ náà ti rí i tipẹ́. Ó ń wá ojú ìyá rẹ̀ láàárín gbogbo eruku yẹn, nígbà tó sì rí i, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò padà wálé. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Bẹ́líìtì wà lórí rẹ̀, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Myriam la ẹnu sí àga tó ṣófo náà. Báwo ni èèyàn ṣe ń pe àga òfìfo, nígbà tí ọmọ ń wo èèyàn?

“Táyé,” ó pè.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ ti kan ilẹ̀. Gafarou tú bẹ́líìtì òde, ó tú ti inú, ó sì jókòó sórí pákó bí ẹni tó rẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já àga kúrò lára ẹ̀wọ̀n.

Ọmọ náà rìn wá bá ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ó ń rìn dáadáa. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo àga inú náà, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Myriam, ó di etí ìró rẹ̀ mú.

“Màmá, kí ló dé tí o ò pè é?” ó bèèrè. “Ó jókòó tì mí. Ó ń retí kí o pe òun.”